Mi Ò Rí Ojú Wọn

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n la irin mọ́ Mátíróònù Fúnláyọ̀ lórí. Ti àkọ́kọ́ gbé fìlà funfun rẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, èkejì fọ́ agbárí, ẹ̀kẹta ò rí iṣẹ́ kankan bá nílẹ̀ mọ́, ìbínú lásán ló mú un wá. Sípánà gígùn tí wọ́n fi ń ṣí àgbá ọ́síjìn wà nínú abọ́ ìfọwọ́, irun orí obìnrin náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́yìn ọjà Ajah ni. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ti lé díẹ̀, ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì àárọ̀ ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti ọ̀sán lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì Akóredé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ tíátà. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, òkú ò ṣàjèjì sí i. Ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ ti òkú ló dá a dúró. Aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti mu ún dé ìgbúnwọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí mátíróònù mú bí ẹni tó di ìkòkò tó sán.

"Jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ," ni Akóredé wí. "Wọ́n ti kú, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, sà."

Kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́.

Ibẹ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Dàmọ́lá, ọ̀gá Akóredé, wọlé. Kò béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fọ́ ọmọbìnrin náà létí débi tí ó fi ṣubú lu ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ sì kán sórí ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀.

"Ọwọ́ tó pa ènìyàn tún ń ṣe bí ọwọ́ tó ń gbà á là," ni Dàmọ́lá wí. "Ẹ dè é."

Ràhmát lorúkọ ọmọ náà. Ó ku oṣù méjì kó ṣe ìdánwò àṣejáde.

*

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́ dáadáa, Dàmọ́lá ti di ẹjọ́ náà lẹ́rù, ó ku kó rù ú. Ràhmát ní ẹ̀gbọ́n kan, Ìsìmáílà, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ajah. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan náà, nígbà tí aago méjìlá lù, Ìsìmáílà ti wá sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó pariwo mọ́ mátíróònù pé ó mú àbúrò òun dúró sẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ di àárọ̀ kejì, ó sì tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ó ní bó bá tún pa ọmọ náà lẹ́kún, òun á wá fi ẹsẹ̀ òun wọlé. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

"Wò ó," ni Dàmọ́lá wí, ó gbé ìwé kan sókè. Ọ̀rọ̀ tí olùṣọ́ ilé ìwòsàn sọ ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán bí ojú dígí. "Olùṣọ́ ní 'they' wọlé, 'they' jáde, òun ò rí ojú wọn. 'They', Sájẹ́ǹtì. Ó ju ẹnì kan lọ. Ràhmát àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kí ló tún kù tó ń dùn ọ́?"

"Èdè wo ni bàbá olùṣọ́ náà fi sọ̀rọ̀, sà?"

"Yorùbá ni. Kò gbọ́ òyìnbó. Ṣé èdè ló pa mátíróònù ni?"

Akóredé wo 'they' tó wà nínú ìwé náà. Ọdún kẹrin rèé tí ọmọ tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù yìí ti ń pè é ní "ìwọ". Ìwé yunifásítì àti ìràwọ̀ èjìká fàyè gbà á. Akóredé, tí ìwé rẹ̀ ò kọjá pírámárì mẹ́fà, kì í bá a jà. Ó kàn ń kà á ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà.

Láti inú yàrá ẹ̀yìn, igbe kan ta. Ohun kan dún kẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Igbe náà wá yí padà, ó di ti ẹranko. Kọ́ńsítébù kan jáde, wáyà iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Apá òsì ẹ̀ ti dá, ọ̀gá. Ó ní tí a bá fi àbúrò òun sílẹ̀, òun á tẹ̀ka sí ohunkóhun."

"Jẹ́ kó tẹ̀ka. Aago mẹ́rin, a ń gbé àwọn méjèèjì lọ sí olú ilé iṣẹ́ wa."

Akóredé wo aago ara ògiri. Mọ́kànlá ti lù.

*

Wọ́n gbé Ràhmát wá fún Akóredé nínú yàrá kékeré kan. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ó ti gbọ́ igbe yẹn, ó sì mọ ohùn tó ni ín; kọ́ńsítébù tó mú un wá ti fi apá tó dá náà halẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ n rí apá ẹ̀," ló kọ́kọ́ wí. "Bí wọn ò bá fi igi dì í lónìí, wíwọ́ ló máa wọ́."

"Dá mi lóhùn ná, ká lè rí apá náà. Kí lo wá lọ sí ọ̀dọ̀ mátíróònù?"

"Mo fẹ́ fún wọn lésì ni, sà."

"Èsì kí ni?"

Ọmọbìnrin náà pa ojú dé díẹ̀. "Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù Lẹ́kí, owó ibẹ̀ dáa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ òkè òkun, fọ́ọ̀mù tèmi náà wà ńlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tíátà. Gbogbo èèyàn ń sọ pé mátíróònù burú, òótọ́ ni, wọ́n fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé wọ́n pè mí, wọ́n ní, 'Ọ̀lẹ ni mo máa ń lé, ìwọ ni mò ń dán wò. Ọwọ́ ẹ dáa. Bí o bá fẹ́ tíátà, àyè kan máa ṣí sílẹ̀ lópin oṣù.' Wọ́n ní kí n wá fèsì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

"Àyè ta ni?"

"Wọn ò sọ. Mi ò sì béèrè, inú mi dùn jù."

"Ta lo sọ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Òun fẹ́ pọ́ọ̀tù. Ó ní obìnrin tó fìyà jẹ mí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló máa ṣe fún mi tó bá ń sanwó fún mi. Ìyẹn ló bá wá sẹ́nu géètì."

"Ta tún ni?"

"Bàbá Yẹ̀kínì nìkan, àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní tíátà. Àwọn ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń rán ojú egbò. Wọ́n ṣàdúrà fún mi."

Akóredé dìde. Kò tíì rí ohun kan dì mú, àfi ọ̀rọ̀ kan tó ń yún un létí láti àárọ̀: Yorùbá ni olùṣọ́ sọ.

*

Sànúsí lorúkọ olùṣọ́ náà, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì bí baálẹ̀. Orógbó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

"Ìwọ náà kú iṣẹ́. Ọlọ́pàá tún ni? Èyí tó wá lánàá ń kọ̀wé bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó."

"Dókítà ńkọ́?"

"Ó ti jáde. Ó ní òun ń lọ rí lọ́yà ní Igbó Ẹfọ̀n."

"Dókítà tó gbà yín síṣẹ́ lẹ ń pè ní 'ó' yẹn?"

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" Sànúsí tu èèpo orógbó dànù. "Mátíróònù tó lọ yìí, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú. Ìwọ náà, wo irùngbọ̀n ẹ, èmi ni mo jù ọ́. Ẹni tó bá jù mí, mo fún un ní tiẹ̀. Ẹni tí mo bá jù, kó má retí ẹ. Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún."

"Ẹ tún ti àná rò fún mi."

"Mo ti rò ó."

"Ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ lẹ rò ó fún. Ẹ rò ó fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìyẹn pa Sànúsí lẹ́rìn-ín. Ó tún ara ṣe lórí bẹ́ǹṣì. "Aago méjì ò tíì lù. Mo jókòó síbí, ọ̀nà tíátà rèé níwájú mi. Ni wọ́n bá jáde láti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ tíátà ló wà lọ́rùn wọn, fìlà, ìbòmú, gbogbo ẹ̀. Wọ́n wọ yàrá ìfọnǹkan yẹn lọ. Mo gbọ́ gbì. Mo gbọ́ gbì. Mo ní àgbá ló ń ṣubú. Nígbà tó ṣe, wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀yìn lọ. Mi ò rí ojú wọn. Ìgbà tó yá ni ọmọ nọ́ọ̀sì kékeré yẹn wá, tó wọlé, tó figbe ta."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ni ọmọ náà tó wọlé?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin àná ti pa ìwé ẹ̀ dé kí n tó débẹ̀."

"Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ènìyàn mélòó ni?"

Sànúsí wò ó bí ẹni wo òmùgọ̀. "Ẹnì kan ni. Ṣé mo ní méjì ni? Ọmọkùnrin àná ò bi mí. Mò ń sọ, ó ń kọ."

Akóredé jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń fa ẹ̀gún yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ.

"Bàbá, dókítà, 'ó'. Mátíróònù, 'ó'. Èmi yìí, 'ìwọ'. Ọmọ nọ́ọ̀sì, 'ó'. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹnì kan ṣoṣo lẹ fún ní 'wọ́n', ẹni yẹn náà lẹ sì ní ẹ ò rí ojú ẹ̀." Ó yíjú sí i. "Ẹni tí ẹ ò rí ojú ẹ̀, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó jù yín lọ?"

Orógbó dúró lẹ́nu Sànúsí. Kò jẹ ẹ́, kò tu ú.

"Nínú ilé ìwòsàn yìí," ni Akóredé wí, "ènìyàn mélòó ló jù yín lọ?"

Ojú bàbá náà ti ń tú omi. "Ọkọ̀ tẹ ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ lójú títì Ẹ̀pẹ́. Dókítà ní kí wọ́n gé e. Àwọn ló ní kí wọ́n má gé e. Wọ́n fi wákàtí mẹ́fà rán an, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Má fi ẹnu mi dárúkọ wọn."

"Ọmọkùnrin kan wà ní àgọ́ wa tí wọ́n ti ṣẹ́ lápá. Aago mẹ́rin, ó fẹ́ tẹ̀ka pé òun ló pa obìnrin yẹn, kí wọ́n lè fi àbúrò ẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò sì ní fi í sílẹ̀, bàbá. Àwọn méjèèjì ló máa san gbèsè ẹsẹ̀ ìyàwó yín."

Sànúsí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Bàbá Yẹ̀kínì ni."

Akóredé wá rántí ohùn Ràhmát: àyè kan máa ṣí sílẹ̀ ní tíátà. Àyè kì í ṣàdédé ṣí. Ẹnì kan ní láti dìde kúrò níbẹ̀.

*

Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Bàbá Yẹ̀kínì, irun rẹ̀ funfun báláú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n rárá. Ó ń to irinṣẹ́ sínú àwo irin lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ó kó sísọ́ọ̀sì síbìkan, ó kó abẹ síbìkan.

"Mo mọ̀ pé ẹnì kan á wá," ló wí. "Mo rò pé ọ̀gá ńlá ni wọ́n máa rán. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n rán."

"Àwọn ọ̀gá ńlá ń kọ̀wé lọ́wọ́, bàbá. Kí ni mátíróònù fi ṣe yín?"

Bàbá náà gbé abẹ́rẹ́ kan sókè sí iná, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń rán èèyàn nílé yìí. Dókítà tó bí dókítà yìí ló kọ́ mi. Dókítà yìí gan-an, nígbà tó dé láti yunifásítì, ta ló kọ́ ọ pé kó má fi ọ̀bẹ walẹ̀ bí àgbẹ̀? Fúnláyọ̀ pè mí, ó ní àwọn tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ń bọ̀, ẹni tí kò níwèé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Ó ní ní òpin oṣù kí n máa fọ ilẹ̀ tíátà." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Mo ní kó sọ̀rọ̀ ná, mo máa bẹ̀ ẹ́. Ni ọmọ tí mo kọ́ ní rírán bá sáré wọlé, ó ń jó, ó ní bàbá, ẹ bá mi yọ̀, wọ́n ti fún mi ní àyè ní tíátà. Kò mọ̀ pé orí àga mi ló jókòó lé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akóredé lára ju bó ti yẹ lọ. Ó mọ adùn iṣẹ́ téèyàn fi ọwọ́ kọ́, ó sì mọ ìtìjú ọjọ́ tí ìwé bá lé ọwọ́ jáde.

"Inú ló bí yín. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn tó ti kú. Ẹ wá jókòó sílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ tí ẹ ṣàdúrà fún."

"Wọ́n máa fi í sílẹ̀. Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan."

"Wọ́n ti bẹ́ ẹ létè. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lápá. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń gbé wọn lọ."

Bàbá náà wo ẹnu ọ̀nà. Lójú ẹsẹ̀ ló sì gbé abẹ.

Akóredé ò rí i nígbà tó kúrò nínú àwo. Ohun tó mọ̀ ni pé apá rẹ̀ tutù láti ìgbúnwọ́ wá sí ọrùn ọwọ́, aṣọ ya, ara ya, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde. Bàbá náà tún fi abẹ gba ọ̀nà ọrùn. Akóredé gbá àwo irin náà mú, ó gbá a mọ́ ọn lójú, sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ fọ́n káàkiri bí òjò yìnyín. Eyín bọ́. Bàbá náà kò ṣubú. Ó fi orí kan Akóredé nímú, ó fi orúnkún gbá a níkùn, àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń di aláìsàn mú lórí tábìlì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n mọ ibi tí ara ti rọ̀. Àwọn méjèèjì wó lu tábìlì, wọ́n wó lulẹ̀. Abẹ ń sọ̀ kalẹ̀ sí ojú Akóredé, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara bàbá náà lẹ́yìn rẹ̀.

Akóredé di ìka méjì mú lára ọwọ́ tó di abẹ, ó sì tẹ̀ wọ́n sẹ́yìn títí wọ́n fi kán.

Abẹ já bọ́. Bàbá Yẹ̀kínì jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú ojú. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti kọjú sí ibi tí ìka kì í kọjú sí. Kò sunkún nígbà tí eyín rẹ̀ bọ́. Ọwọ́ yẹn ló wò tó fi bú sẹ́kún.

*

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá ni Akóredé wọ àgọ́, ó ń fa bàbá náà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí kòkò jíjò. Sànúsí ń tẹ̀ lé wọn, ó dorí kodò. Ìsìmáílà wà níwájú tábìlì. Wọ́n ti fi yíǹkì sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ti nà án sórí ìwé, ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

Akóredé fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ gba ìwé náà kúrò níbẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí a ò bi olùṣọ́, sà," ló wí. "Ènìyàn mélòó."

Ó rò ó fún un. Dàmọ́lá wo Sànúsí, ó wo bàbá tó di ìka rẹ̀ mú, ó wo Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán lórí tábìlì. Nígbà tó yá, ó fa àga kan jáde.

"Ẹ jókòó, Sájẹ́ǹtì," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín."

Akóredé kà á. Ẹyọ kan nìyẹn. Ti ọdún mẹ́rin ṣì wà ńlẹ̀.

Wọ́n tú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì sílẹ̀. Ràhmát ò wo ẹnikẹ́ni lójú, apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ bá. Ó ṣẹ́ pákó àpótí ọtí kan sí méjì, ó fi ìbòrí rẹ̀ dì í, Ìsìmáílà sì bú u ní gbogbo èébú tí ọmọ ìyá lè bú ọmọ ìyá títí ó fi dì í tán. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ́dọ̀ Akóredé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú tí wọ́n rà ní ilé oògùn òdìkejì títì.

"Ó yẹ kí ẹ lọ ilé ìwòsàn, sà."

"Ilé ìwòsàn ni mo ti gbé e bọ̀. Rán an."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rán. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, òwú tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Lẹ́yìn bíi ìkẹfà, ó sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Èmi ni mo sọ fún wọn, àbí? Ẹnu mi ló pa mátíróònù."

"Ayọ̀ lo sọ. Ohun mìíràn ni etí ẹ̀ gbọ́."

Ràhmát rán méjì sí i.

"Èsì wo lo ń gbé lọ fún un lánàá?" ni Akóredé bi í.

"Tíátà."

"Lónìí ńkọ́?"

Ìsìmáílà sọ láti ibi ògiri pé pọ́ọ̀tù ni, kí wọ́n má wulẹ̀ bi í. Ràhmát fi eyín gé òwú. Ó wo ojú ọ̀nà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, gígùn rẹ̀ láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo aporo oko rẹ̀.

"Tíátà náà ni," ló wí.

"Ó dáa gan-an ni," ni Akóredé wí, ó ń yí apá náà sí iná. "Ta ló kọ́ ọ ní kókó kékeré tó wà níparí yìí?"

Láti inú àhámọ́, wọ́n ń gbọ́ ẹkún bàbá arúgbó náà.

"Wọ́n ní kí n má fà á le jù," ni Ràhmát wí. "Wọ́n ní ara èèyàn kì í ṣe àpò."

Akóredé gbọ́ 'wọ́n' náà. Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ bo ojú egbò.